Bẹ́ ẹ ṣe máa lo láíbìrì tuntun yẹn láìfi ọjọ́ yín ṣòfò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí ní Iléṣà, ẹ kú oríire o. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí láíbìrì tí wọ́n tún ṣe, gíláàsì ń dán, táìsì ń dán, ẹ ti ya fọ́tò níwájú ẹ̀ ẹ sì ti gbé e sórí WhatsApp. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ku kẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá lò ó, torí èrò tí mò ń rí níbẹ̀, fáànù àti iná ló gbé púpọ̀ wọn wá, wọ́n á chájì fóònù, wọ́n á sùn, wọ́n á dìde lọ. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mi ò ní purọ́.

ID kádì lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ má rò pé ẹ máa bẹ sekọ́ríítì, wọn ò mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Wọ́n máa gba báàgì yín lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún yín ní tálì, nítorí náà owó, fóònù àti láptọ́ọ̀pù, ẹ kó wọn jáde kẹ́ ẹ tó gbé báàgì kalẹ̀. Ẹ má kó gúgúrú àti ẹ̀pà wọlé o. Kì í ṣe ìkà, oúnjẹ ló ń pe èkúté àti aáyán, àwọn yẹn ló sì ń jẹ ìwé.

Wàyí o, ìwé wíwá. Àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń to kádì sí láyé àtijọ́ ti lọ, kọ̀ǹpútà lẹ máa fi wá a, Koha lorúkọ sọ́fíwíà ẹ̀, New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láíbìrì fi ń lò ó. Ẹ tẹ orúkọ ẹni tó kọ ìwé tàbí orúkọ ìwé. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá tẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i tí ò jáde, ẹ tún un tẹ̀ láìsí àmì kankan, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti jáde, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Pátápátá ni mo wí o, títí kan póíńtì.

Lẹ́tà iwájú nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ibi tí ìwé wà. L ni ti ètò ẹ̀kọ́ àti ìkọ́ni, Q ni sáyẹ́ǹsì, QA ni mátì, H ni ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, K òfin, R ìṣègùn, S iṣẹ́ àgbẹ̀. P ni èdè àti lítíréṣọ̀, ti Yorùbá tiwa sì bẹ̀rẹ̀ láti PL8821. Tẹ́ ẹ bá dé láíbìrì míì tẹ́ ẹ rí nọ́ńbà lásán láìsí lẹ́tà níwájú, bíi 370 fún ètò ẹ̀kọ́, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń to ìwé nìyẹn, Dewey lorúkọ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Ibi tó ti gbé mi ṣubú rèé. Mò ń wá ìwé kan, LB1025 ló wà níwájú, .A25 ló tẹ̀lé e. Mo dé ṣẹ́ẹ̀fù, mo rí .A3, mo rí .A4, mo wá ń lọ síwájú títí, ṣebí 25 ju 3 lọ? Mo wá a títí ẹsẹ̀ ń ro mí, mo tiẹ̀ ti ń bú ọ̀rẹ́ mi kan nínú pé òun ló gbé e pamọ́. Màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó gbé awò ojú sórí gèlè, ló bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo ní ìwé yìí ni mà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìn póíńtì, kọ́bọ̀ ni. Kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀, èwo ló kéré?" Ó nawọ́ sẹ́yìn mi, ó fa ìwé yọ, iwájú .A3 gan-an ló wà. Àmọ́ LB1025 yẹn, náírà nìyẹn o, odindi la máa ń kà á, LB775 ló máa ṣáájú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹ má dá a padà fúnra yín, ìwé tí wọ́n bá tì síbi tí kì í ṣe tiẹ̀ ti sọnù nìyẹn.

Ìwé tí àwọn lẹ́kíṣọ̀ bá ní kí gbogbo kíláàsì kà, rísáfù ló máa wà, ẹ ò lè gbé e lọ ilé, ẹ tètè dé. Àwọn tó kù ẹ lè yá, ṣùgbọ́n ẹ wo déètì ìdápadà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni òṣómàáló, ẹni tó máa ń lóṣòó ti onígbèsè títí á fi san owó, ẹni tó wà ní káńtà fáínì yẹn ló wá jogún ẹ̀, kò ní pariwo, á kàn jókòó dè yín títí dọjọ́ tẹ́ ẹ bá wá ṣe kìlíyáráǹsì.

Lókè ni kọ̀ǹpútà wà. Ẹ má fi gbogbo àkókò yín wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ sórí JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ́ kéèyàn ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù lórí ẹ̀rọ, kíkà ni o, kì í ṣe dáńlóòdù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìmọ̀ ìlera, ẹ bi wọ́n bóyá ilé-ìwé ti forúkọ sílẹ̀ fún Hinari, ibi tí wọ́n ti ń ka àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìlera lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àjọ WHO bẹ̀rẹ̀ ní 2002, torí ilé-ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan ò lè dá a ṣe.

Ohun tó ń dùn mí nínú àtúnṣe yìí, wọ́n ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn nìkan ló gòkè. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tí ò lè gùn ún, kó kọ nọ́ńbà ìwé sínú pépà kó fún wọn ní káńtà, wọ́n á bá a gbé e sọ̀kalẹ̀. Tábìlì onígi fífẹ̀ àtijọ́ náà, wọ́n ti kó o lọ, tuntun yìí ò gba ju ìwé méjì lọ, ẹ jọ̀ọ́ ta ló rà á?

Yàrá ìjíròrò wà fẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ kí wọn dáadáa ní káńtà, "ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́ mà", ó ń ṣiṣẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Tí wọ́n bá ti lu aago àkọ́kọ́ pé àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ẹ má dúró parí ojú ìwé yẹn, ẹ sáré lọ gba báàgì yín, ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, tílẹ̀ bá sì ti ṣú, ọlọ́kadà tó ń lọ ọjà Atákúnmọ̀sà á ti lékún owó.