Ìwé àwòrán lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ń sáré: àṣìṣe àwa obìnrin tó ń dá rìnrìn àjò

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Èmi gan-an lọ̀rọ̀ yìí bá wí nígbà àkọ́kọ́ tí mo dá rìnrìn àjò. Ọjọ́ mẹ́wàá, ìlú márùn-ún. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí ìwé àwòrán mi, ìyẹn ìwé tí mo ń fi pẹ́ńsù ya ohun tí mo bá rí sí, òrùlé mẹ́ta tí n kò mọ ìlú tí wọ́n wà mọ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó sùn lọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìyókù ìrìn náà, ẹrù dídì àti ẹrù títú ni.

Àṣìṣe tó ga jù nìyẹn, kí èèyàn máa ka ìlú bí ẹni ń ka owó. Ọ̀sẹ̀ kan níbì kan ṣoṣo kò pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kìíní, ohun tí gbogbo ayé ń yà lẹ ó yà. Ó di bí ọjọ́ kẹta kí ọwọ́ tó máa lọ síbi tọ́kàn yín wà. Nígbà tí mo padà lọ jókòó sójú kan fọ́jọ́ mẹ́rin, mo ṣàdédé rí i pé n kò ya èèyàn kankan. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ díẹ̀ nìkan ni mò ń yà ṣáá. Mo mọ ohun tó fà á. Ti inú mi nìyẹn.

Ẹ má dúró de ẹni tó máa bá yín lọ, ẹ má sì sọ pé ọjọ́ ti lọ. Marianne North, obìnrin ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti pé ogójì ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn lọ́dún 1871, lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ tó lé ní 800 ṣì wà nínú ilé tí wọ́n ṣí fún un ní Kew, ní London, lọ́dún 1882.

Ẹ má kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó mú pẹ́ńsù. Ojú á ti rò pé òun ti rí i tán. Ẹ má sì lé òjìji kiri: ìwọ̀n dígírì 15 ni oòrùn ń yí ní wákàtí kan. Ẹ fi ìlà yí òjìji ká ní kété tẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kílínà? Ilé ni kó wà. Ìlà tó bá wọ́, ẹ fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹrù kò gbọdọ̀ pọ̀: pẹ́ńsù 2B kan, èyí tó rọ̀ tó sì dúdú díẹ̀, bírò tí yíǹkì rẹ̀ kì í ṣí lómi, àti ọ̀dà kékeré tí wọ́n ń fi omi pò. Bébà tí kò tó 300 gíráàmù ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó á ká kò bí omi bá kàn án.

Ẹ má gbé àwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kúrò ná. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi okùn báàgì kọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wá yọjú wo iṣẹ́ yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ dé sí. Ẹnì kan nílé nìkan ni kó mọ̀ ọ́n.

Ojú ewé tó bá burẹ́wà, ẹ má fà á ya. Ẹsẹ̀ ọkùnrin inú ọkọ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti lu, mo sì ya ihò náà. N kò rántí ìlú tí ọkọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n mo rántí ihò yẹn.