Ẹ̀yin ògbufọ̀ ọsibítù l'Amẹ́ríkà, bí a ṣe máa jà kí wọ́n kà wá sí òṣìṣẹ́ gidi

Ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ní satífíkéètì, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn gan-an wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, àwa tí ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ń gba ẹnu wa kọjá wọ́n á ní ṣebí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ṣáà wá bá wa sọ ọ́ fún màmá yìí. Inú ń bí wa lóòótọ́, àmọ́ ìbínú ò lè yí i padà, ìwé ló máa yí i padà.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé. Ọ̀pọ̀ wa rò pé kò sí fún Yorùbá, torí ìdánwò CHI tí wọ́n ti ń gbọ́ bí èèyàn ṣe ń túmọ̀ lẹ́nu, Spanish, Arabic àti Mandarin nìkan ni CCHI, àjọ tó ń fún ògbufọ̀ ìṣègùn ní ìwé ẹ̀rí, ń ṣe é fún. Àmọ́ CoreCHI, ìwé ẹ̀rí wọn kejì, wà fún gbogbo èdè, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ló dá lé: ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́, àṣírí aláìsàn, ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Wọ́n á bèèrè ẹ̀rí pé ẹ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, ó kéré tán. NBCMI, àjọ kejì tó ń fún ògbufọ̀ ìṣègùn ní ìwé ẹ̀rí, náà ní tiwọn, Hub-CMI.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ òfin. Section 1557 nínú Affordable Care Act, òfin tó ní kí ilé ìwòsàn má ya èèyàn sọ́tọ̀, ló wúlò jù fún wa, ìlànà tí wọ́n gbé jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 2024 ní ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ kúnjú òṣùwọ̀n, kó gbọ́ èdè méjèèjì yé, kó má fi kún ọ̀rọ̀ kó má yọ níbẹ̀, kó sì pa àṣírí mọ́. Ọmọ kékeré ò gbọ́dọ̀ túmọ̀ fún òbí ẹ̀ àfi pàjáwìrì tí ògbufọ̀ ò tíì sí nítòsí. Tí ẹnì kan bá ní ṣebí wọ́n ti fagi lé òfin ògbufọ̀ ní March 2025, ẹ dá a lóhùn pé ìwé àṣẹ 13166 tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí lọ́dún 2000 fún àwọn tí ò gbọ́ Òyìnbó dáadáa nìyẹn, Section 1557 àti Civil Rights Act, òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, ṣì wà ńlẹ̀ digbí.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni kẹ́ ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ wo irú èyí: dọ́kítà bi màmá tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bóyá wọ́n ń lo oògùn míì, màmá ní "mò ń mu àgbo láàárọ̀ lálẹ́, èyí tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́," ojú ń ti ọmọ tó ń túmọ̀, ló bá ní "No." Ó tán, dọ́kítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá pè yín lẹ́yìn náà tí ẹ sì tú irú ẹ̀ fó, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó yí padà, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má kọ ọjọ́ ìbí, HIPAA, òfin àṣírí aláìsàn, ò mọ eré o.

Mánijà tí ìyẹn ò bá wọ̀ létí, ẹ sọ owó fún un. Ní Florida lọ́dún 1980 wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé ọmọkùnrin ọdún 18 kan sódì torí kò sí ògbufọ̀, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn lálòjù, ọpọlọ ẹ̀ ló sì ń ṣẹ̀jẹ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀ ló rọ. Owó tí wọ́n fi parí ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí ẹ̀ tó mílíọ̀nù 71 dọ́là.

Ẹ má wá lọ máa bá nọ́ọ̀sì jà, kì í ṣe òun ló ń pín owó. Ẹni tó ń darí ẹ̀ka èdè ní ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ ímeèlì sí, lẹ́yìn náà àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ yín, torí àwọn ló lè jẹ́ kí Medicaid ìpínlẹ̀, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tówó wọn ò tó, máa sanwó ògbufọ̀, ìjọba àpapọ̀ á sì dá nínú ẹ̀ padà. Minnesota ń ṣe é. Oregon ṣòfin lọ́dún 2021 pé inú rẹ́jísítà àwọn ògbufọ̀ ni kí ilé ìwòsàn ti máa mú èèyàn. Ní ìpínlẹ̀ Washington àwọn ògbufọ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, òfin 2010 sì fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó bá ìjọba dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ wọn.

Tí ẹ bá ń lọ síwájú ìgbìmọ̀, ẹ mú dọ́kítà kan dání, wọ́n máa ń gbọ́ ti dọ́kítà ju tiwa lọ, ó dùn wá àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ sì wá àwọn Somali, Amharic àti Haitian Creole mọ́ra, torí àwa Yorùbá nìkan ò pọ̀ tó, sẹ́nétọ̀ sì máa ń ka iye ìbò kó tó ka lẹ́tà.