Irúgbìn Igi Ìbílẹ̀: Ohun Tí Wangari Maathai Fi Kọ́ Wa

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ilé, kí ẹ tó náwó lórí ọmọ igi, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ àwọn igi ńlá tó wà lọ́nà oko yín, bóyá irúgbìn wọn wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Agbègbè Nyeri ní Kẹ́ńyà ni wọ́n bí Wangari Maathai, obìnrin tó kọ́ wa ní èyí, sí ní 1940. Lẹ́bàá ilé wọn, odò kan wà tó ń ṣàn. Ó máa ń fẹ́ fọwọ́ kó ẹyin àkèré inú rẹ̀, ó rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni. Nígbà tó dàgbà, odò náà ti gbẹ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Amẹ́ríkà, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Nairobi ní 1971, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìgbèríko tí kò rí igi dáná mọ́ ló gbé e lọ sídìí iṣẹ́ igi. Ní 1977, ó dá Green Belt Movement sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbin igi. Àwọn onímọ̀ igbó kan ní ẹni tí kò kàwé kò lè tọ́ ọmọ igi dàgbà. Àwọn obìnrin náà ṣa irúgbìn igi àdúgbò wọn, wọ́n gbìn ín sínú àpáàdì, wọ́n gbé e sókè kí adìyẹ má baà tú u. Nígbà tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, igi wọn ti lé ní mílíọ̀nù 30.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrókò ṣe àpẹẹrẹ. Igi ìrókò ní akọ àti abo, abo rẹ̀ nìkan ló sì ń so. Ẹ ṣa èso tó rọ̀ tó já sílẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nínú omi, kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ hóró rẹ̀, tó kéré ju hóró tòmátì lọ. Ẹ sá a sábẹ́ ibòji, kí ẹ gbìn ín kíákíá, torí kì í pẹ́ bà jẹ́. Ẹ má ṣà á lábẹ́ igi kan ṣoṣo: ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn yóò jẹ́, àìsàn kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn. Ẹ gbìn ín pọ̀ mọ́ igi mìíràn pẹ̀lú, torí kòkòrò tó ń mú ewé rẹ̀ wú máa ń bá a jà gan-an bí ó bá dá wà nínú oòrùn.

Nígbà náà, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Maathai kì í gbowó igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Èyí tó bá yè ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Ẹ̀yin náà, ẹ ka iye igi yín tó yè lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò èyí tó kú bí òjò bá ti dé.