Bí a ṣe ń so ìwọ̀ olórí pẹlẹbẹ fún epìyà

Bí epìyà bá já mọ́ yín lọ́wọ́ létí Odò Ọ̀wẹ̀nà, ẹ má tíì dá okùn lẹ́bi. Ẹ wo etí okùn náà ná. Bó bá ká rúgúdù bí irun tí iná jó, okùn ò já rárá, kókó ló yọ̀.

Ìwọ̀ oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó ní ojú tí okùn ń gbà kọjá, àti èyí tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ. Èkejì yìí ló ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà ìwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí ni ìwọ̀ ń kéré sí. Ẹnu epìyà ò tóbi, nítorí náà ẹ ra nọ́ńbà 10 tàbí 12, pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù 0.25 mm. Àrọ̀ ló ń fẹ́ nọ́ńbà 4 àti okùn 0.40 mm.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e há ìwọ̀ níbi tó ti tẹ̀. Ẹ na okùn láti orí pẹlẹbẹ wá síbẹ̀, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ padà sókè, kí ojóbó kékeré kan yọ lábẹ́ ìka yín. Ẹ fi bíi 15 cm sílẹ̀ létí okùn. Òun lẹ ó máa fi wé ìwọ̀ àti okùn méjèèjì pọ̀, láti abẹ́ orí pẹlẹbẹ wá sísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejé. Kí ọ̀kan má gun orí èkejì o. Bí kò bá tó márùn-ún, á yọ̀. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, kò ní fún dáadáa. Ẹ wá ki etí okùn bọ inú ojóbó, ẹ fi itọ́ rẹ ẹ́, kí ẹ rọra fa okùn gígùn títí ojóbó á fi pa dé. Ẹ má fo ti itọ́ yẹn: náílọ́ọ̀nù gbígbẹ tó ń ha ara rẹ̀ máa ń gbóná, ooru yẹn ló sì ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Ẹ gé etí tó ṣẹ́ kù, kí ẹ fi 2 mm sílẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa rèé: okùn gígùn gbọ́dọ̀ gba iwájú orí pẹlẹbẹ jáde, ní ìhà tí ẹnu ìwọ̀ dojú kọ. Bó bá gba ẹ̀yìn, etí irin á máa gé e díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀ á sì yí nígbà tí ẹ bá fà á. Ẹ fi ìwọ̀ kọ́ ìṣó kí ẹ fà á gan-an kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ fún òjé mọ́ okùn ní 20 cm sókè ìwọ̀. Ègé bàtà sílípáàsì àtijọ́ á ṣe é fi léfòó. Bó bá sùn sórí omi, òjé kéré. Ó yẹ kó dúró, kí ìdajì rẹ̀ rì, torí epìyà kì í gbé ìdẹ mì lẹ́ẹ̀kan. Ekòló tó gùn ní 2 cm ti tó. Ìrù gígùn ni wọ́n máa ń já jẹ, tí wọ́n á fi ìwọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ abo epìyà ló ń gbé ẹyin sẹ́nu. Bí ẹ bá rí ẹyin lẹ́nu èyí tẹ́ ẹ mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sómi kíákíá.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka méjì fa okùn tó sún mọ́ ìwọ̀ kọjá. Níbi tó bá ti ń há lọ́wọ́, ẹ gé e kúrò, kí ẹ tún ìwọ̀ so.