Bí A Ṣe Ń Bá Aláìsàn Sọ̀rọ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Kí Ìtọ́jú Má Baà Ṣìnà

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn àti ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tí ó yé e, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe. Níbi tí èrò ti pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ, àlàyé yìí ni a máa ń kọ́kọ́ gbójú fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Lẹ́yìn ìkíni, orúkọ ló kàn. Ẹ má ṣe bi aláìsàn pé, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Táíwò?" nítorí pé ẹni tí etí rẹ̀ wúwo lè kàn mi orí, ìyá ìbejì sì lè ju ẹyọ kan lọ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹ jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ, kí ẹ fi orúkọ náà àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀ wé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fún un ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló gba sùúrù jù. "Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́" nìkan kò tó; ẹ ní kí ó lo ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ má béèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí a ka òun sí òpè, tàbí tí àánú nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ń ṣe, yóò ní ó yé òun. Ẹ kúkú sọ pé: "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa. Báwo lẹ ó ṣe máa lo oògùn yìí tí ẹ bá délé?" Bí ìdáhùn náà bá ṣìnà, ẹ gba ọ̀nà mìíràn ṣàlàyé rẹ̀, láìjágbe. Fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi kún un pé kí ó má torí pé ara ti yá dá oògùn dúró, nítorí àìsàn náà kì í sábà fi ara hàn.

Ẹ béèrè nípa àgbo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọlọ́pàá. Ẹni tí a bá bú nítorí àgbo lẹ́ẹ̀kan kò ní jẹ́wọ́ mọ́, dókítà yóò sì máa kọ oògùn láìmọ ohun tí ó ti wà nínú ara rẹ̀.

Òfin kan náà ló dáàbò bo àṣírí aláìsàn, nítorí náà, a kì í ké èsì àyẹ̀wò láti ojú fèrèsé. Bí kò bá sí yàrá, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹni tó sìn ín wá gbọ́ ọ.