Mọ́tò Tó Ń Sítáàtì Tó Tún Ń Kú: Bí Mo Ṣe Wá Ìdí Rẹ̀ Rí

Mọ́tò mi ti dàgbà. Kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló ń lò, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ téèyàn lè bi léèrè ohun tó ń ṣe é. Láàárọ̀, bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, á ti dìde, á máa ró dáadáa. Kò ní ju ìṣẹ́jú 3 lọ tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á gbọ̀n jìgìjìgì, á sì kú. Bí mo bá tún yí kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀, kò ní dá mi lóhùn. Àmọ́ bí mo bá jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, á tún sítáàtì bíi pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Mekáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní, “Kọ́ìlì ni, ọ̀gá. Bó bá ti gbóná, kì í ju iná mọ́. Bó bá tutù, á tún padà bọ̀ sípò.” Kọ́ìlì ló ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání, torí kọ́ìlì tó ti ń bàjẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo ra tuntun, a pààrọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 3, mọ́tò kú. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí n kò ní kó dán an wò kí n tó náwó.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé ìgbà tí mọ́tò bá ti gbádùn tán ni mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kí ni mo fẹ́ rí nígbà yẹn? Àsìkò tó bá kú gan-an ló yẹ kéèyàn yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kejì, mo múra sílẹ̀ dè é: mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo tú ìdérí fílítà afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, mo mú tọ́ọ̀ṣì àti púlọ́ọ̀gì kan tó ṣì dára dání, mo sì ní kí àbúrò mi jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́.

Bó ṣe kú báyìí, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀fun kábúrétọ̀, mo fi ọwọ́ fa okùn tó so mọ́ ibi tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré. Ó yẹ kí epo tú pìà jáde níbẹ̀ bí omi inú abẹ́rẹ́ dókítà. Kò sí nǹkan kan. Gbígbẹ ni. Mo dá ìdérí padà kí n tó dán iná wò, nítorí iná àti epo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì kan, mo ki í bọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e ti ara irin ẹ́ńjìnnì jìnnà sí kábúrétọ̀. Àbúrò mi yí kọ́kọ́rọ́: tá, tá, tá, iná búlúù. Iná wà, epo ni kò dé.

Ìgbà yẹn ni ìṣẹ́jú 3 yẹn wá yé mi. Inú kábúrétọ̀ ní abọ́ kékeré kan tí epo máa ń dúró sí. Epo inú abọ́ yẹn ni mọ́tò ń jẹ, tó bá ti tán, tí òmíràn ò sì dé, ó parí. Nígbà tó tún sítáàtì, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré lórí ìdúró, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi kú.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀nà epo padà sẹ́yìn. Mo ṣí ìdérí táǹkì, bóyá ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló dí. Kò yí nǹkan kan padà. Fílítà epo, mo fẹ́ ẹ, ó là. Mo wá yọ rọ́bà tó ti táǹkì wọ páǹpù tó ń fa epo, mo fi rọ́bà mìíràn rọ́pò rẹ̀ sínú gálọ́ọ̀nù epo tó mọ́. Mọ́tò ró fún ogún ìṣẹ́jú, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Páǹpù àti kábúrétọ̀ bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn.

Mo fi páǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sí táǹkì (ẹ má fi ẹnu ṣe é, epo kì í ṣe ohun tí à ń tọ́ wò). Ó kọ́kọ́ le bí ẹni pé mo ń fẹ́ ògiri. Lójijì ni mo gbọ́ gbùlù-gbùlù nínú táǹkì. Mo so gbogbo rẹ̀ padà, mo wà á jáde, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ikọ́ tún dé.

Ohun kan wà nínú ibẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo fa epo jáde, mo sọ táǹkì kalẹ̀, mo yọ páìpù tó ń mu epo. Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti kún fún ìpẹtà pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ìpẹ́ ẹja. Mo fi ìka fún ọ̀kan, ó di lẹ́búlẹ́bú pupa. Bí páǹpù bá ń fà, wọ́n á rọ́ lọ dí ẹnu asẹ́. Bí mọ́tò bá kú, wọ́n á já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tí mo fi ń dúró nìyẹn.

Mo da nọ́ọ̀tì onírin àti omi ọṣẹ sínú táǹkì, mo mì ín bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Mo fọ̀ ọ́ léraléra, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì kó gbẹ kanrangidan, mo fi asẹ́ tuntun sí i. Mo wá jókòó sínú mọ́tò fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko, mo ń dúró de ikọ́ tí kò wá mọ́.

Kọ́ìlì àtijọ́ ṣì wà nínú búùtù. Mo so ó padà lọ́jọ́ kan láti dán an wò. Kò sí ohun tó ṣe é.