Bí A Ṣe Ń Ṣàpèjúwe Ibùdó Ìtàn Kí Òǹkàwé Lè Wọ Inú Rẹ̀

Ohun tó sábà máa ń ba àpèjúwe ibùdó ìtàn jẹ́ kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ kò tó. Àpọ̀jù ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí nídìí ni. Òǹkọ̀wé á pe yàrá kan ní "ẹlẹ́wà", á tún fi "tó ń tẹ́ni lọ́rùn" kún un, síbẹ̀ ẹni tó ń kà á ò tíì rí nǹkan kan. Ìdájọ́ ni "ẹlẹ́wà". Ojú kò lè rí ìdájọ́, ọwọ́ kò sì lè kàn án.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ń wo ibẹ̀ àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ tó ń retí kí ilẹ̀ mọ́ lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, ohun tí wọ́n máa kíyè sí kò ní bára mu. Ìyá á mọ iye ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀ṣọ́ lè má tilẹ̀ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta mẹ́ta sílẹ̀ fún etí, imú, awọ ara, ahọ́n àti ojú. Ẹ fi ojú sẹ́yìn pátápátá, nítorí bí òun bá ṣáájú, ó máa gba gbogbo ààyè. Ti ahọ́n lè ṣòfo, kò burú. Àyàfi bí eruku, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù bá ti gba ẹnu ẹ̀dá ìtàn ni ẹ nílò rẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá pé, ẹ pa púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́, kí ó ku mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí tó bá lè wà níbikíbi láìyí padà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. "Afẹ́fẹ́ ń fẹ́" kò sọ ibi tí a wà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

"Yàrá ìdúró ilé ìwòsàn náà bani lẹ́rù gan-an. Ó pa lọ́lọ́, ó sì tutù."

Ẹ fi wé èyí:

"Òórùn oògùn apakòkòrò ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Òtútù àga onírin náà gba inú aṣọ kan án lára. Lókè orí rẹ̀, iná kan ń ṣẹ́jú, ó ń kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì. Bàtà ẹnì kan ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, kó, kó, kó. Ó dúró. Kò dún mọ́."

Ẹ̀rù kò jáde lẹ́nu òǹkọ̀wé rárá nínú èkejì. Imú, awọ ara, ojú àti etí ló pín iṣẹ́ náà ṣe. Àwòrán kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ti iná: ìfohunpènìyàn, ìyẹn fífi ìṣe ènìyàn fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn, ni ṣíṣẹ́ tó ń ṣẹ́jú, àfiwé tààrà tó lo "bí" ló tẹ̀ lé e, ara ènìyàn kan náà ni méjèèjì sì ti wá. Ó bá ìtàn mu nítorí ẹni tó jókòó níbẹ̀ ń retí ọ̀rọ̀ tí dókítà kò tíì sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á fi ìlú wé òkun ní gbólóhùn kan, wọ́n á sọ ọ́ di ẹranko ní èkejì, àwòrán méjèèjì á sì pa ara wọn. Àwòrán kan fún ìpínrọ̀ kan ti tó. Ẹ mú un látinú ohun tí ẹ̀dá ìtàn mọ̀: káfíńtà lè fi ìró òjò wé ìṣó tó ń já lu páànù, atukọ̀ á wá tirẹ̀. "Funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú" ti gbó. Òǹkàwé á fò ó kọjá láìrí òwú kankan. Àsọrégèé, ìyẹn sísọ nǹkan kọjá bó ṣe rí, ní tirẹ̀ dára nínú ẹ̀fẹ̀ tàbí lẹ́nu ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ìṣẹ̀lẹ̀ ìbànújẹ́ jẹ́.

Èdè wa ní irinṣẹ́ kan tí kò yẹ ká fi ṣòfò, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró tàbí ìrísí nǹkan hàn: gbì, gbágungbàgun, wúruwùru. Ẹ má ṣe yọ àmì ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tó rí ròbòtò tóbi, èyí tó rí róbótó kéré; ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè nìkan ló yà wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá sì ti ṣiṣẹ́ náà tán, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Mẹ́ta nínú gbólóhùn kan á di ariwo.

Ẹ má ṣe dá ìtàn dúró nítorí àpèjúwe. Gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó nígbà tí ẹ̀dá ìtàn bá wọlé. Ẹ so ìyókù mọ́ ohun tó ń ṣe: bó bá fa àga, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ àga ha ilẹ̀, bó bá ṣí fèrèsé, kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ẹ tún ṣọ́ra fún "ó rí i pé" àti "ó gbọ́ tí". Dípò "ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń han", ẹ kọ "ilẹ̀kùn han", òǹkàwé á gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá parí, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ìtàn náà ní ìpínrọ̀ yẹn nìkan, kí ẹ bi í léèrè irú ipò ọkàn tí ẹni inú rẹ̀ wà. Bó bá dárúkọ àwọn nǹkan inú yàrá dáadáa ṣùgbọ́n tí kò lè dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ padà síbi àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ tún nǹkan mìíràn yàn.